Àyànfẹ́ Igbó

Ẹja pupa kékeré kan ni Hedvig Ramnäs máa ń yà sára bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó tó wọ pápá, kó má baà lọ gbá ti ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù tí kò ní àmì tirẹ̀. Sixten bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà, ló fi bírò kọ́ ọ ní yíyà ẹja náà lórí tábìlì oúnjẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun náà ló ṣì ń ra bọ́ọ̀lù fún un, páálí lórí páálí, nígbà tí ọmọ ti di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun.

Ní Värmland, agbègbè tí wọ́n ń gbé, igbó ló yí gbogbo pápá ká. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sọnù síbẹ̀ yóò padà síbi tó ti gbá a, wọn yóò sì ka ẹyọ kan kún iye tó gbá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí iye tirẹ̀ kéré jù ló ń borí. Ti Hedvig kì í sábà sọnù. Wọ́n á gbọ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lu igi nínú igbó lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti Pelle tó ń bá a gbé ọ̀pá bá fi débẹ̀, ẹja pupa á ti wà lórí koríko létí igbó, á máa dúró dè wọ́n. Àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́ ní Àyànfẹ́ Igbó. Lókè òkun nìkan ni kò ti rọ́wọ́ mú. Wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ ni kò bá a lára mu.

Sixten kì í dúró sáàárín òǹwòran. Ó ní ọkàn òun ò lè gbé e. Wọn kì í sì í lé èèyàn kúrò nínú igbó lórílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tó bá ti ní ẹsẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lọ wá olu. Nítorí náà, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ apá, á sì máa bá ọmọ rẹ̀ rìn láti àárín igi. Bó bá délé, Berit ìyàwó rẹ̀ á yọjú wo ohun tó wà lórí ewé tó tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀.

“Odindi ọjọ́ kan, olu mẹ́ta. Bí mo bá rán ìgbín níṣẹ́, ì bá ṣe jù báyìí lọ.”

“Igbó ò lawọ́ lónìí, Berit.”

“Ọmọ ẹ nìkan ló ń lawọ́ sí.”

Sixten á rẹ́rìn-ín, á sì fúnra rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ lọ kọ́ sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé.

Jonna ni ọ̀rẹ́ Hedvig láti kékeré. Wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí ìdíje, wọ́n jọ ń sùn sí yàrá kan. Nígbà ooru kan, Hedvig rí i tó fi ìka ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò lẹ́yìn gbòǹgbò. Jonna dì í lọ́wọ́ mú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, pé kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Hedvig yọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ bá àwọn adájọ́ eré. Wọ́n lé Jonna kúrò nínú ìdíje, kò sì padà mọ́.

Nídìí oúnjẹ ọjọ́ náà, Sixten bi í pé, “Ṣé o ò lè mójú kúrò ni, ọmọ mi?”

“Ẹni tó bá mójú kúrò, òun náà ti jalè, Bàbá.”

“Ọ̀rẹ́ ẹ ni.”

“Àwọn tí kò fẹsẹ̀ ti tiwọn ńkọ́? Ta lọ̀rẹ́ tiwọn?”

Sixten rọra ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní òun ti yó.

Ó kú nígbà òtútù, lójú oorun. Nígbà tí yìnyín yọ́ tí ìdíje tún bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù Hedvig tó bá wọ igbó kì í jáde mọ́. Òun àti Pelle á kúnlẹ̀ máa tú ewéko títí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òfin eré fún wọn láti wá a á fi pé. Pelle ní ìbànújẹ́ ni, pé yóò lọ. Àwọn oníwèé ìròyìn náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Hedvig jí lọ sí pápá ṣáájú gbogbo èèyàn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ṣùgbọ́n ìṣòro náà kò lọ síbì kan.

Nígbà tí ewé igi pọ́n, tí òtútù tún ń bọ̀, ó ku ìdíje kan ṣoṣo tí yóò sọ bóyá yóò ṣì wà láàárín àwọn tó ń fi eré náà jẹun. Lójú ọ̀nà ihò kan ṣoṣo, igbó gba bọ́ọ̀lù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Pelle to àwọn ọ̀pá sínú ọkọ̀. Ipò Hedvig láàárín wọn ti lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Hedvig lọ ra gílóòbù ní ṣọ́ọ̀bù tí Jonna ti ń tajà.

“Mo gbọ́ pé igbó ti kọ̀ ẹ́,” ni Jonna wí.

“Ó ti kọ̀ mí.”

Jonna fi bébà wé gílóòbù náà. Kò gbójú sókè. “Ó kéré tán, ọwọ́ ẹ mọ́. Mo bínú sí ẹ títí, àmọ́ o ò parọ́ mọ́ mi. Ọwọ́ ẹ mọ́.”

“Ohun tó ṣẹ́ kù fún mi nìyẹn,” ni Hedvig fèsì.

Bó ṣe délé, ìyá rẹ̀ ní olu ti yọ lẹ́yìn ilé, kó bá òun gbé apẹ̀rẹ̀ bàbá rẹ̀ wá. Orí ìṣó tí Sixten gbé e kọ́ ló ṣì wà nínú ahéré, pẹ̀lú ewé gbígbẹ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Hedvig fi ọwọ́ kan fà á. Ó wúwo. Ó fi ọwọ́ kejì kún un, ó gbé e sílẹ̀, ó sì kó ewé náà kúrò.

Bọ́ọ̀lù ló kún ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ náà, àwọn kan tí igi ti ha lára, àwọn yòókù tuntun tí ọ̀pá kò tíì kàn rí, ẹja pupa kékeré sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.