Ẹ́ńjìnnì Kan Ti Tó Ọkùnrin

Kùrukùru ọyẹ́ ti bo pápá bàálù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Olóyè Akínṣọlá wọ bàálù rẹ̀ kékeré, ẹlẹ́ńjìnnì kan. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò wo ojú awakọ̀.

"Ṣé kò séwu?" ló bi í bí wọ́n ṣe gbéra.

"Ẹ́ńjìnnì kan ti tó ọkùnrin, Olóyè."

Olóyè yára gbójú sókè. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nìyẹn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Láníyọnu, awakọ̀ rẹ̀ nígbà náà, ń bẹ̀ ẹ́ pé ìjì ti pọ̀ jù. Inú ọ̀sà ni wọ́n ti gbé òkú Láníyọnu.

Omi ń kán tó-tó-tó lápá aṣọ awakọ̀. Olóyè bojú wolẹ̀ lójú fèrèsé: awakọ̀ tó gbà síṣẹ́ ló ń sáré lórí pápá, tó ń ju ọwọ́ méjèèjì.

Ẹni iwájú pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yíjú padà.

"Ó yá, Olóyè. Ẹ wá wà á."