Ara Kò Le Bí Ẹ̀rọ Ti Wí

Ó ti rẹ Nọ́ọ̀sì Fadérẹ̀ra tẹnutẹnu kí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó gúnlẹ̀ sí ilé Bàbá Ládépò. Láti ìgbà tí ọ̀sà ti gba àdúgbò náà, ibà tí ìtọ̀ eku ń kó ranni kò jẹ́ kó sinmi.

Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára ẹ̀rọ tí ìjọba so mọ́ ọrùn ọwọ́ bàbá: ara le.

“Ibà ti lọ,” ni ìyàwó bàbá wí.

Fadérẹ̀ra wo ẹyinjú bàbá. Ibi tó yẹ kó funfun ti dà bí ìyeyè.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ tọ̀ kẹ́yìn?”

“Láti àná, ọmọ mi, kò wá.”

Ó fi fóònù pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ohùn ẹ̀rọ dá a lóhùn láti ibẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ bá tan iná pupa nìkan làwọn ń gbé. Bẹ́ẹ̀ òfin kò gba nọ́ọ̀sì láyè láti fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé aláìsàn.

“Màmá, ẹ bá mi gbé wọn lẹ́sẹ̀.”

“Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ bàbá wò. “Ẹ tètè dé. Kíndìnrín wọn kò tíì kú.”

Fadérẹ̀ra fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó tó lanu, oorun ti gbé e lọ lórí ìjókòó.