Ìlà Kan Nínú Ìtọ́ni Ọ̀gá Gékúrú

Ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ìtọ́ni fún ẹlòmíràn.

1.
Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá fún àwọn márùn-ún tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan. Gékúrú ni wọ́n ń pè é, torí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Tí ẹ bá kọ ìlà mẹ́wàá fún un, méjì ni yóò dá padà fún yín. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn ìyẹn.

Gbogbo wọn jọ ń kó iṣẹ́ sínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní àká. Àká yìí kì í gbàgbé: bí iṣẹ́ ṣe rí lánàá, bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ kan, àká á sì ṣe é lójú ẹsẹ̀, kò ní bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Gékúrú ló kọ ìwé tó ṣàlàyé àwọn àṣẹ náà. Lórí àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Dá-padà, ohun tó kọ kò ju èyí lọ: “Ó ń dá iṣẹ́ padà sí bó ṣe wà. Fi iṣẹ́ pamọ́ kí o tó lò ó.”

Ó parí.

2.
Obìnrin kan wá bá wọn ṣiṣẹ́, ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Tíṣà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó gbé ìtọ́ni yẹn lọ bá ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. ‘Fi iṣẹ́ pamọ́’ tí ẹ kọ síbí, ìpamọ́ wo ni? Ṣé kí n fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ tèmi ni, àbí kí n kó o sínú àká?”

Gékúrú bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ bí ìwé àwọn ọmọdé ni? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á mọ ohun tí mò ń wí.”

“Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń kánjú ńkọ́?”

“Kó má kánjú!”

Gbogbo ilé fi ẹ̀rín sí i. Ojú ti Tíṣà, ó rọra padà sí àyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún béèrè ohunkóhun mọ́.

3.
Ilé ìwòsàn kan gbé iṣẹ́ wá fún wọn. Àwọn aláìsàn kíndìnrín ló ń lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ètò tuntun yìí ni yóò máa sọ ẹni tó kàn, ọjọ́ tó kàn án àti ẹ̀rọ tó máa lò. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gékúrú mú apá tó le jù, ó fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe é. Ṣùgbọ́n kò kó o sínú àká rárá, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àṣìṣe òun níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ń tún fáìlì kan ṣe, ló bá bà á jẹ́. Fáìlì yẹn nìkan ló fẹ́ dá padà. Ó ti pẹ́ tó ti lo àṣẹ Dá-padà, ló bá ṣí ìtọ́ni tí òun fúnra rẹ̀ kọ. “Fi iṣẹ́ pamọ́ kí o tó lò ó.” Ó ti fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo iṣẹ́ ló padà sí bó ṣe wà nínú àká, ìyẹn bó ṣe wà ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn! Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ni.

“Ọ̀gá, inú àwọn aláìsàn wa ń dùn o. Ìyá àgbà kan ní òun ò ní máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí wá tò sórí ìlà mọ́.”

“Mo... mo máa pè yín padà.”

Ó gbórí lé tábìlì. Tíṣà ló kọ́kọ́ rí i.

“Ọ̀gá, kí ló dé?”

“Tíṣà, mo ti fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti lọ.”

Ì bá ti rẹ́rìn-ín tirẹ̀ náà. Kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ fara balẹ̀. Ṣebí ẹ fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́rú pé kí n bá yín dán an wò. Ẹ̀rù àṣẹ yẹn ń bà mí, torí náà kò sí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ mi tí mi ò ní tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.”

Ó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ digbí. Omijé bọ́ lójú Gékúrú.

4.
Ọjọ́ méjì tó sọnù kò padà. Gékúrú pe nọ́ọ̀sì, ó sọ òótọ́ fún un. Gbogbo wọn wá síbi iṣẹ́ ní Àbámẹ́ta, ètò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ apá tó ń fi ìránnilétí ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aláìsàn kò tíì ṣe tán. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń pe aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Gékúrú dìde láàárín ọ́fíìsì. “Tíṣà, níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti fi yín ṣẹ̀sín, níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti ń tọrọ àforíjì. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí, kí a jọ tún ìtọ́ni yìí kọ.”

Tíṣà fa àga sún mọ́ ọn. “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ó yá, ẹ sọ fún mi: kí ni àṣẹ yìí máa pa rẹ́?”

Ohun tó wà níbẹ̀ lónìí nìyí: “Dá-padà ń pa gbogbo iṣẹ́ tí o kò tíì kó sínú àká rẹ́. Bí o tilẹ̀ ti fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ rẹ, yóò lọ. Kọ́kọ́ wo ohun tó máa sọnù. Tó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo lo fẹ́ dá padà, má lo èyí, lo àṣẹ tó wà nísàlẹ̀.” Lábẹ́ rẹ̀, Gékúrú fi ìlà kan kún un: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà, ẹni tó béèrè.”

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtọ́ni. Ẹ má kọ ọ́ fún ara yín. Ẹni tó ń kánjú, tí àyà rẹ̀ ń já, ni kí ẹ kọ ọ́ fún, torí ẹ̀yin náà lè di ẹni yẹn lọ́la. Tí ẹnì kan bá sì bi yín pé “Kí lẹ ní lọ́kàn níbí?”, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí i lónìí, kí ẹ sì kọ “ẹ ṣeun” sí i.