Owó Fàdákà Inú Ògiri

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí ẹ ó fi mọ ibi tó parí sí, torí ó ṣeé ṣe kí irú nǹkan báyìí wà nínú àpótí ìyá yín báyìí, kí ẹ má mọ̀.

1.

Akínbọ̀wálé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni òun àti Ọlábísí, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó ní àṣejù kan: kò lè wo ohun tó dọ̀tí kó fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbà á nímọ̀ràn, á ti dáhùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán: "Mo mọ̀ ọ́n."

Fọlákẹ́mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé ilé bàbá wọn ní Oǹdó. Òrùlé ilé náà ti ń jò. Lọ́jọ́ kan, àwọn bíríkìlà ń wó ògiri amọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé kí wọ́n lè kọ́ ilé ìdáná tuntun síbẹ̀, ni nǹkan kékeré kan bá já bọ́ láti inú ògiri. Fọlákẹ́mi mú un nílẹ̀. Owó fàdákà àtijọ́ ni, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, àmọ́ orí ọba òyìnbó kan hàn lára rẹ̀ kedere, lẹ́tà wẹ́wẹ́ sì yí i ká.

"Bàbá wa ló fi í síbí," ló wí.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá kí i, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Akínbọ̀, wá ẹni tó mọ owó àtijọ́ ní Àkúrẹ́, kó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ojúlówó, a ó jọ pinnu bóyá ká tà á, ká fi ṣe òrùlé yìí. Àmọ́ má fi omi tàbí ọṣẹ kàn án o."

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n."

2.

Wọ́n júwe Dókítà Olúwajùwọ́nlọ fún un, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìtàn ìgbà àtijọ́ ní yunifásítì, tó sì ń kó owó àtijọ́ jọ. Dókítà ní kó wá lọ́jọ́ kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé wọn, Akínbọ̀wálé tú áńkáṣíìfù. Dúdú ara owó yẹn kò jẹ́ kó gbádùn.

"Ṣé irú èyí ni n óò gbé síwájú dókítà? Wọ́n á ní orí ààtàn la ti ṣà á."

Ọlábísí wò ó. "Bàbá Ẹniọlá, ṣé Àǹtí ò ní kí ẹ má fọ̀ ọ́ ni?"

"Màmá Ẹniọlá, ta ló ń ra ọjà tó dọ̀tí?"

Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí eérú, ó mú kànrìnkàn onírin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Dúdú ń lọ, dídán ń bọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó túbọ̀ ń fi agbára sí i. Nígbà tó fi omi ṣàn án, ó ń kọ mànà bíi ṣíbí tuntun. Ìgbà tó gbé awò rẹ̀ sójú ló rí i pé imú ọba ti pa rẹ́, àwọn lẹ́tà kan kò sì ṣeé kà mọ́. Ó ní kò séwu, ó ṣáà ń dán.

3.

Dókítà Olúwajùwọ́nlọ gbé owó náà sábẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o! Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń dán?"

Dókítà gbé dígí sílẹ̀. "Ojúlówó ni, irú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Dúdú tí ẹ ha kúrò yẹn, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọdún tó ti lò láyé ni. Òun ni àwọn tó ń ra owó àtijọ́ kọ́kọ́ máa ń wò. Ká ní ẹ gbé e wá bó ṣe wà ni, wọn ì bá máa dù ú mọ́ra wọn lọ́wọ́."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bíi fàdákà lásán ni wọ́n á rà á."

4.

Nínú ọkọ̀ Oǹdó, èrò kan wọ inú Akínbọ̀wálé: kó sọ pé ayédèrú ni. Ta ni yóò mọ̀? Ó ń to irọ́ náà lẹ́nu títí ọkọ̀ fi wọ ìlú.

Fọlákẹ́mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó dé. Ó nu ọwọ́, ó gba owó náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Akínbọ̀, kí ló ṣe é?"

Irọ́ tó ti tò kò jáde. "Èmi ni, Àǹtí mi. Ẹ ní kí n má fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́. Ojúlówó ni, mo sì bà á jẹ́." Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

Fọlákẹ́mi pòṣé. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i kó tó sọ̀rọ̀.

"Inú ń bí mi, n ò ní tàn ọ́. Àmọ́ ká ní o parọ́ fún mi, tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn, ǹ bá má gbà ọ́ gbọ́ mọ́ láyé."

"Ṣé ká wá tà á bíi fàdákà?"

"Rárá. Bàbá ló fi í pamọ́. Jẹ́ kó wà nílé." Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó kúkú ti mọ́."

Wọn kò rí òrùlé pààrọ̀. Bí òjò bá dé, ike ṣì ń gbomi ní pálọ̀ Fọlákẹ́mi. Àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì Akínbọ̀wálé ló fi parí ilé ìdáná yẹn díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ń jẹun pọ̀ bó bá ti lọ sí Oǹdó, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bàbá wọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín. Bí ohun àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má kánjú fọ̀ ọ́, ẹ má kánjú tà á. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín. Ohun tí ẹ bá ti ha kúrò, kò sí ọsàn wẹ́wẹ́ tó lè dá a padà. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ òótọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Owó lè bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ìyá yín bá a lọ.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó máa ń sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n.