Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ìpè Nínú Àgbàdo

Bí àgbàdo bá ti ga ju ènìyàn lọ, ìyá kì í jẹ́ kí wákàtí kan kọjá kó tó pe àwọn ará ilé rẹ̀. Òun ló dá àṣà náà sílẹ̀ lọ́dún tí wọ́n dé oko, nígbà tí ejò pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè rí ẹnì kejì nínú ewé. Á nàró, á fọwọ́ ti ìbàdí, á ké pe bàbá. Bàbá á ní òun wà níbí. Á pe àkọ́bí, ọmọbìnrin náà á ní, "Ẹ̀ẹ́n, Màmá." Lẹ́yìn náà ló máa ń kan àbíkẹ́yìn, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀gá, torí láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ń pàṣẹ fún àgbà.

"Ọ̀gá o!"

"Mò ń bọ̀!"

Kì í bọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn láti kékeré, bí wọ́n pè é sí oúnjẹ, bí wọ́n pè é sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí tí Ọ̀gá ti já sínú kànga tí bàbá ń gbẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìn ọgbà ewúrẹ́. Àkọ́bí, tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ló ń jẹ́ ìpè fún un. Á fún ọ̀fun pọ̀, á sọ ohùn di tín-ín-rín, á sì kọ ẹ̀yìn sí ìyá kí ohùn méjèèjì má baà jọ pé ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Nígbà mìíràn ohùn náà a ti jáde kó tó mọ̀ pé ẹnu òun ni, ẹ̀rù a sì bà á.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oṣù tó tẹ̀lé ìsìnkú ṣókùnkùn nínú orí rẹ̀. Ó rántí pé nọ́ọ̀sì kan ń wá láti ìlú, pé ó máa ń jókòó ti ìyá, tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí wọ́n á sì máa wo ọ̀dọ̀ òun. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá ti kúrò ní kékeré. Ó rántí ọ̀sán tí ìyá nàró láàrin poro tó ké pe Ọ̀gá bí ẹni pé ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀. Bàbá dá ọkọ́ dúró. Àánú ìyá ṣe ọmọbìnrin náà wọ egungun, ó sì dáhùn. Ìyá bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, ó tún pè é.

Oko kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lọ́dún kejì lẹ́yìn ìsìnkú, àrùn wọ inú adìẹ, ọgọ́rùn-ún adìẹ kú láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́dún kẹta, àgbàdo yọ ọmọ débi tí wọ́n fi kọ́ yàrá kejì, wọ́n kan páànù tuntun sí i. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìjì ká páànù náà lọ sórí ilẹ̀ aládùúgbò. Bàbá ní ó kéré tán, aládùúgbò ti rí òrùlé fi pilẹ̀ ilé. Àárín gbogbo èyí, ọ̀sẹ̀ kan wà tí ìyá kò pe Ọ̀gá rárá. Ilé pa rọ́rọ́ lọ́sẹ̀ náà. Àkọ́bí kò rántí pé ọ̀rọ̀ kankan wáyé níbẹ̀, títí ìyá fi tún pè é.

Ìgbà mẹ́ta ni bàbá ní kí wọ́n padà sí ìlú. Awakọ̀ ni òun tẹ́lẹ̀, aránṣọ ni ìyá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ṣì wà ní igun yàrá, aṣọ ni wọ́n fi bò ó.

"Ìlú ò sá lọ," bàbá sọ. "Wàá tún ṣọ́ọ̀bù rẹ ṣí."

"Mi ò lọ," ìyá dáhùn. "Níbo la tún ti máa gbọ́ ohùn yẹn?"

Àkọ́bí gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó kórìíra oko náà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ọ̀fun òun ló gbé ilé dúró.

Lọ́dún yìí, ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpè náà ló ń rò. Ìyá á nàró, á pè, kò sì ní í sí ẹni tó máa dáhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, ó tọ bàbá lọ níbi tó ti ń tún ọgbà ewúrẹ́ ṣe.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ yín ní nǹkan kan."

"Ayé ti dorí kodò nìyẹn. Ó dáa, tíṣà, mò ń gbọ́."

Ó fi bí wọ́n ṣe ń fún ọ̀fun pọ̀ hàn án. Ó ní, "Bí ẹ ò bá dáhùn fún wọn, Màmá ò ní í yè é. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe é. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fura."

Bàbá rọra gbé òòlù sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú erùpẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò mọ̀?"

"Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Kí ló wá dé tí wọ́n ń pè é?"

"Ọmọ mi," bàbá sọ, "oṣù méje gbáko lẹ́yìn ìsìnkú ni ìwọ ò fi la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, títí di ọ̀sán tí ìbànújẹ́ ti ìyá rẹ débi tó fi ṣèèṣì pe Ọ̀gá tí o sì jẹ́ ẹ, nígbà tó gbìyànjú lọ́sẹ̀ kan kó má pè é mọ́, o tún yadi, ìdí nìyẹn tó fi fara mọ́ oko tí kò fẹ́ yìí, tó ń pe ọmọ rẹ̀ tó kú lójoojúmọ́, kí èyí tó kù má baà dákẹ́."