Ojú Tó Ti Sinmi

Ọ̀gá ayàwòrán kì í fi oorun ọ̀sán ṣeré. Bó bá ti jẹun ọ̀sán tán báyìí, ìyàwó rẹ̀ á gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Ọ̀gá, ó tó. Ẹ lọ sùn. Ọpọlọ yín kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ìyàwó á wá lọ ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ da nǹkan rú níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwòrán olóògbé kan tó dá ilé ìwé ńlá sílẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin olóògbé yìí, tó ń darí ilé ìwé náà báyìí, ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Wọ́n ti dá iṣẹ́ méjì padà fún ọ̀gá lọ́dún yẹn, ọ̀gá sì ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí wọ́n bá tún dá ẹ̀kẹta padà, òun á ti yàrá iṣẹ́ pa, òun á wá bá a ta táyà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí ìyàwó lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ni ọ̀gá ya méjèèjì. Kò sẹ́ni tó lé e lọ sùn. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé àìsùn ló ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n yà síbẹ̀. Ó wo àwòrán náà títí.

"Ta ló da ẹ̀ṣẹ́ bo imú bàbá yìí?"

"Ó ti rẹ̀ mí ni," ọ̀gá dáhùn. "Mo fẹ́ lọ sùn."

"Oorun kẹ̀? Ọ̀túnla ni Jímọ̀ o! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín lọ sùn," ìyàwó bẹ̀ ẹ́. "Tí wọ́n bá ti yàrá yẹn pa, ayé sú mi nìyẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n. Ó ronú pé obìnrin yìí mà fẹ́ràn ọkọ o. Òun náà bá na ara rẹ̀ sórí àga ní pálọ̀, ló bá sùn lọ.

Nígbà tí ọ̀gá jí, ariwo rẹ̀ ló jí ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ wá wo imú tí ẹ ń bú! Imú ọ̀hún náà nìyí! Kò sóhun tó ṣe é. Àárẹ̀ ló wà lójú àwa méjèèjì."

Imú náà dúró dáadáa. Ojú bàbá náà sì ń wo èèyàn bí ẹni fẹ́ béèrè nǹkan. Ẹ̀gbọ́n nu ojú ara rẹ̀ nù. Ọ̀gá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ olóògbé, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mi orí.

"Ọ̀dà òde òní! Kì í tètè gbẹ."

Ìyàwó yán, ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ya. Ó ní òun fẹ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

"Kí ló rẹ ìwọ?" ọ̀gá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Èmi tí mo ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ olóògbé dúró síwájú àwòrán náà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi rè é. Bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nìyí tí mo bá ti parọ́. Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Ìsinmi ni, màdáámù. Ojú tó bá ti rẹ̀, àléébù nìkan ló máa rí. Ẹ sùn, ẹ jí, ẹ tún iṣẹ́ yín wò. Ẹ máa rí i pé ẹ ti ṣe é dáadáa látìbẹ̀rẹ̀."

Inú màdáámù dùn débi pé ó ní kí ọ̀gá ya ìyá òun náà, ó sì mú fọ́tò màmá jáde nínú báàgì. Ọ̀gá ò dúró mu omi. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti fún màmá ní àgbọ̀n méjì, ojú kan sì ga ju ìkejì lọ. Ìyàwó wo àwòrán náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ìyàwó wọ yàrá iṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú màmá yà.