Ṣọ̀gá Tẹ Yẹ́ẹ̀sì, Ó Pa Ìyá Thérèse Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ordi, ìyẹn kọ̀ǹpútà, nílé, ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ sá lọ. Ẹ kà á tán. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń sọ pé kò sí ohun tí òun ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o, torí ó lè ṣẹlẹ̀ sí èmi, ó lè ṣẹlẹ̀ sí yín.

1.
Olúwaṣọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ifangni, lẹ́bàá bodè Nàìjíríà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Igolo. Ó ń tẹ̀wé, ó ń ya fọ́tò, ó ń ṣe affiche òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri kí ayé mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: DOCTEUR ORDI. Nàìjíríà ló ti ra ordi rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ordi ń sọ. Ṣọ̀gá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe ní bodè. Tí aṣọ́bodè òdìkejì bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi ẹ́ ní nǹkan, tó ò gbọ́, wàá rẹ́rìn-ín, wàá ní "Yẹ́ẹ̀sì sà", wàá kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ṣọ̀gá ń ṣe fún ordi. Ohun yòówù tó bá bi í, yẹ́ẹ̀sì ló máa tẹ̀.

2.
Ìyá tó bí Tantine Thérèse elépo pupa kú. Wọ́n fi ìsìnkú sí Sátidé. Fọ́tò kan ṣoṣo ni màmá yẹn yà láyé. Tẹlifóònù tí wọ́n fi yà á ti já sí kànga, clé kékeré kan, èyí tí wọ́n ń ki bọ ordi láti tọ́jú nǹkan, ni fọ́tò ọ̀hún kù sí. Thérèse gbé clé náà wá.

"Ṣọ̀gá, màmá mi ni mo gbé lé ẹ lọ́wọ́ yìí o."

"Tantine, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Docteur lẹ bá sọ̀rọ̀."

Docteur ò sọ fún un pé ordi ń ṣàìsàn. Ó ti lọ wá fíìmù ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ordi bi í ní ìbéèrè, ó ní yẹ́ẹ̀sì, virus bá wọlé. Bó ṣe ki clé Thérèse bọ ordi báyìí, fọ́tò pòórá.

3.
Ó tẹ antivirus kó wá pa virus. Antivirus yọjú fìrí, ó kú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Fìrí, ó kú. Ó lù ú nídìí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, asán ni.

Chérifath, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ordi ní Àjàṣẹ́, pè é lórí fóònù láti kí i, ó bá a tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, tí antivirus ò bá ti ṣí, virus ló ń pa á. Ẹ yọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ clé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bọ̀ lọ́la."

"Ìwọ tí mo nu ikun nímú rẹ? Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà má tẹ yẹ́ẹ̀sì."

Ó pa fóònù mọ́ ọn létí. Ó padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí antivirus ọ̀fẹ́ kan tó ń pariwo ní pupa. Yẹ́ẹ̀sì! Kíá, obìnrin oníhòòhò bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú ordi, níṣojú Tonton Augustin, katikísì ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá ṣe photocopy.

"Ṣọ̀gá, òkú tí wọ́n fẹ́ sin nìyí?"

"Tonton, publicité ni, ìpolówó ọjà lásán! Ẹ dijú!"

Augustin fọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n ó la ìka.

Nígbà tó yá, ordi tún bi Ṣọ̀gá ní ìbéèrè gígùn kan nípa clé. Yẹ́ẹ̀sì. Clé bá mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti wo clé sàn. Ó wá da fíìmù sínú rẹ̀ títí ó fi kún, ó ní òun ń dán an wò.

4.
Chérifath dé. Ó yọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó tan ordi ní mode sans échec, níbi tí ordi ti ń jí láìru ẹrù púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ virus kì í lè bá a jí. Ó mú antivirus tó gbé wá látilé, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí "gaari".

"Gaari kẹ̀?"

"Virus yìí mọ orúkọ ọ̀tá rẹ̀, ìdí tó fi ń pa á nìyẹn. Kò mọ gaari."

Lóòótọ́, gaari ṣí. Gaari pa virus lọ bẹẹrẹ. Ara ordi yá. Chérifath wá wo clé Thérèse, fíìmù nìkan ló bá níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè gígùn tẹ́ ẹ sọ pé ó bi yín nípa clé yìí, ṣé kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú clé ló ń béèrè. Ẹ ní yẹ́ẹ̀sì."

"Wá fọ́tò náà padà fún mi!"

"Ká ní ẹ fi clé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá ǹ bá rí i. Fíìmù tẹ́ ẹ dà sínú rẹ̀ ti tẹ fọ́tò mọ́lẹ̀."

5.
Ṣé ó lọ jẹ́wọ́ fún Thérèse? Rárá o. Ó gun alùpùpù lọ sí Tchaada, ilé Ìyá Mọ́tọ́lá oníṣòwò, àbúrò olóògbé. Wọ́n jọra bí ìbejì.

"Ìyá, mo fẹ́ ya yín ní fọ́tò ọ̀fẹ́."

"Ọmọ dáadáa! Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín púpọ̀, Ìyá."

Ó fi fọ́tò yẹn ṣe affiche olóògbé, ó lẹ̀ ẹ́ káàkiri láti Ifangni títí dé Ko-Koumolou: ADIEU MAMAN, ó dàbọ̀ màmá. Ní Sátidé, Ìyá Mọ́tọ́lá gun zémi, alùpùpù akérò, lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Onízémi dúró béèrè ọ̀nà, ó wo ògiri, ó wẹ̀yìn. Ó ju alùpùpù sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Màmá fẹsẹ̀ rìn dé ilé òkú, àwọn akọrin fò fèrèsé, Augustin wọ abẹ́ tábìlì.

"Ta ló pa mí?" ni màmá ń béèrè. "Ẹ sọ fún mi, ta ló pa mí?"

Thérèse nìkan ni kò sá. Ó wo affiche, ó wo Ṣọ̀gá tó ti ń wá ọ̀nà àtisá.

"Fọ́tò màmá mi dà?"

"Tantine, mo tẹ yẹ́ẹ̀sì, ó pa rẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni ikú pa á. Ìwọ lo pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ó di ọwọ́ Ìyá Mọ́tọ́lá mú, ó fi í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. "Ìyá mi kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ojú yín ló kù tí màá máa wò." Ó sì ń wò ó títí wọ́n fi gbé òkú jáde.

Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń gbé clé fún Ṣọ̀gá mọ́. Àwọn àgbà ní kó gbé Ìyá Mọ́tọ́lá sẹ́yìn alùpùpù, kó máa ya affiche kúrò lára ògiri, kó máa kígbe pé, "Kò kú o!" Màmá á gbá a lórí: "Ké e sókè! Àwọn oníbàárà mi ò gbọ́!"

Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín. Tí antivirus bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ yọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ki clé ẹlòmíì bọ ordi, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín. Ẹ má dáhùn ohun tẹ́ ẹ ò gbọ́. Abèèrè kì í ṣìnà; aláìbèèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.